Bí ẹ ṣe lè dá ọgbà ẹ̀fọ́ àjọgbìn sílẹ̀ ládùúgbò yín n'Ílọrin

Pálọ́ọ̀tì tó ṣófo kì í wọ́n n'Ílọrin. Láti Tánkẹ̀ dé Gáà Àkànbí, láti Kúléńdé dé Àdéwọlé, ilẹ̀ tí ẹnìkan ti rà tí kò tíì rówó kọ́ pọ̀ káàkiri. Koríko ń hù níbẹ̀, ewúrẹ́ ń jẹ̀ níbẹ̀, nígbà mìíràn ará àdúgbò a sọ ọ́ di àkìtàn. Ìdílé mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lè fi ìdajì irú pálọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ̀fọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí òjò yóò fi dáwọ́, kí wọ́n sì tún rí tà lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe kòkòrò ló sábà máa ń pa ọgbà àjọgbìn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ilẹ̀ tó ṣá. Ohun tó ń pa á ni pé wọn ò sọ ẹni tí yóò pọnmi lọ́jọ́ Àtàlátà, wọn ò sì sọ iye ìdì ẹ̀fọ́ tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ Sátidé. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ èèyàn ni mo máa kọ́kọ́ sọ, n ó sì pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń gbin ewédú nìkan ló ń wá, ó wà nísàlẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá èèyàn

Ìdílé mẹ́fà sí mẹ́wàá ti tó. Kí wọ́n jẹ́ àwọn tó lè fẹsẹ̀ rìn dé ọgbà náà, nítorí ẹni tó bá ní láti wọ Màrúwà kí ó tó débẹ̀ kò ní wá mọ́ tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta. Ẹ má fi ọgọ́ta èèyàn bẹ̀rẹ̀ lórí WhatsApp. Gbogbo ọgọ́ta ló máa pàtẹ́wọ́ lórí fóònù, mẹ́rin ló máa gbé ọkọ́ wá.

Ẹ rí i pé àgbà kan wà láàárín yín tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ dáko rí, kì í ṣe ẹni tó kàn mọ ọ̀rọ̀ oko sọ. Ẹ wá ẹni tí kànga tàbí bọ́ọ̀hóòlù wà nílé rẹ̀. Ẹ wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, tó lè máa kọ owó sílẹ̀. Tó bá jẹ́ Tánkẹ̀ lẹ wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Unilorin á fẹ́ bá yín ṣe é. Ẹ gbà wọ́n, agbára wà lára wọn, ṣùgbọ́n ẹ má gbé gbogbo iṣẹ́ omi kọ́ wọn lọ́rùn, torí bí ìdánwò bá dé tàbí tí wọ́n bá gba ìsinmi, ẹ̀fọ́ á gbẹ.

Ìpàdé àkọ́kọ́ ò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ. Ìrọ̀lẹ́ Àlàádì, lẹ́yìn ìrun Àlàásàrí, níwájú ilé ẹnìkan, ó tó. Ẹ bi ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́ta: ọjọ́ wo ló máa ń ráyè lọ́sẹ̀, ẹ̀fọ́ wo ni wọ́n ń jẹ nílé rẹ̀, irinṣẹ́ wo ló ní. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ìbéèrè kejì jọ eré, ṣùgbọ́n òun ni kò ní jẹ́ kí ẹ lọ gbin kábéèjì tí ẹnikẹ́ni ò ní sè, nígbà tí ilé mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ń ra ewédú lójoojúmọ́.

Ẹ wá pinnu irú àjọṣe tó jẹ́. Nínú àáró, bí ẹ bá bá mi ro oko mi lónìí, gbèsè ọjọ́ kan ti wà lọ́rùn mi, mo sì gbọ́dọ̀ san án lóko yín. Bí ara mi ò bá yá, mo lè rán ọmọ mi tàbí kí n háyà ẹnìkan. Ọ̀wẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀: ẹ bá mi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan, mo fún yín lóúnjẹ, ó parí. Ọ̀wẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọgbà àdúgbò fi ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á wá máa retí kí ó ṣiṣẹ́ bí àáró. Lọ́jọ́ tí ẹ máa ṣánko, ẹ pe ọ̀wẹ̀, ẹ dín àkàrà, ẹ pín kúnú, kí gbogbo àdúgbò wá. Láti ọjọ́ kejì, kí ó di àáró: orúkọ, ọjọ́, gbèsè. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Òmù-Àrán, Òrò tàbí Ìgbàjà, ẹ bi àwọn àgbà ilé bí wọ́n ti ń ṣe ẹni tó jẹ gbèsè àáró tí kò san. Ohun tí wọ́n bá sọ á wúlò ju òfin ẹgbẹ́ tí ẹ lè dà kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ilẹ̀, pẹ̀lú ìwé rẹ̀

Ẹ má wọ ilẹ̀ onílẹ̀ torí pé koríko ló wà lórí rẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ní ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, síbẹ̀ gbogbo wa la mọ̀ pé kò sí pálọ́ọ̀tì tí kò ní onílẹ̀. Nínú ìlú Ìlọrin, Mágàjí àdúgbò tàbí Aláńgúà sábà máa ń mọ ìdílé tó ta ilẹ̀ àti ẹni tó rà á. Níhà gúúsù, ní Ọ̀fà tàbí Àjàṣẹ́-Ìpo, baálé ìdílé tó ni ilẹ̀ lẹ máa lọ bá. Ẹ mú àgbà dání lọ, kí ó má jẹ́ ọmọdé nìkan ló máa lọ jókòó síwájú wọn.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ ò gùn. "Bàbá, a rí i pé ẹ ò tíì fẹ́ kọ́lé síbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká máa gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀ títí ẹ ó fi ṣe tán. Kò ní di àkìtàn, ẹnikẹ́ni ò sì ní lè tà á lẹ́yìn yín." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló máa ń wọ onílẹ̀ létí jù, pàápàá ẹni tó bá ń gbé Èkó tàbí òkè òkun tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀.

Bó bá gbà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ojú ewé kan tó, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Kí ó sọ iye ìgbà tí ẹ máa lò níbẹ̀, ó kéré tán òjò méjì. Kí ó sọ pé bí onílẹ̀ bá fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀, á fún yín ní oṣù mẹ́ta kí ẹ fi kórè ohun tó wà nílẹ̀. Kí ó sì hàn gbangba níbẹ̀ pé ẹ ò ní gbin igi: kò sí máńgòrò, kò sí ọsàn, kò sí kajú. Láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, àlejò tí wọ́n fún nílẹ̀ dáko kì í gbin igi tó ń pẹ́ nílẹ̀, torí ẹni tó gbin igi ti ń wí pé ilẹ̀ di tòun. Onílẹ̀ tó bá yọjú tó bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta ní ìkangun ilẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ẹ máa fi ìdì ẹ̀fọ́ díẹ̀ ránṣẹ́ sí i nígbà ìkórè bí ìṣákọ́lẹ̀; bí kò bá sí nílé, ẹ gbé e fún ẹbí rẹ̀ tó wà nítòsí.

Ní New York, lọ́dún 1973, obìnrin kan tó ń jẹ́ Liz Christy àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó pàǹtírí kúrò lórí ilẹ̀ kan tó ṣófo níbi tí òpópónà Bowery àti Houston ti pàdé, wọ́n sì sọ ọ́ di ọgbà. Lọ́dún kejì, ìjọba ìlú náà fi ilẹ̀ ọ̀hún háyà fún wọn ní dọ́là kan lóṣù. Ọgbà yẹn ṣì wà níbẹ̀ dòní. Dọ́là kan kì í ṣe owó ilẹ̀ níbì kankan, ìwé ni wọ́n fi ń rà.

Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ wo ilẹ̀ náà dáadáa. Oòrùn gbọ́dọ̀ máa ràn síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán. Bó bá jẹ́ ibi tí mẹkáníìkì ti ń tún ọkọ̀ ṣe rí ni, tàbí ibi tí wọ́n ti ń sun pàǹtírí àti bátìrì, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kó sún mọ́ ilé tó. Òjé inú bátìrì kì í jẹrà nínú ilẹ̀, ẹ̀fọ́ sì lè gbé e wọ inú ọbẹ̀ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ náà jìn tó apá títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú rẹ̀, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ fún un mọ́ ọwọ́. Bó bá tú ká lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, yanrìn ni, á fẹ́ ìgbẹ́ màlúù púpọ̀. Bó bá lẹ̀ bí amọ̀ tí wọ́n fi ń mọ ìkòkò, omi á máa dúró sórí rẹ̀ nígbà òjò. Èyí tó ṣù pọ̀ tó sì fọ́ nígbà tí ẹ fìka tì í lẹ ń wá. Bó bá sì jẹ́ pé yangí ni ọkọ́ yín ń bá pàdé, gẹ́gẹ́ bó ti rí ní ọ̀pọ̀ ibi nínú ìlú yìí, kò burú náà: ẹ máa gbìn sínú àpò ìrẹsì tí ẹ rọ ilẹ̀ ọlọ́ràá kún.

Ẹ ṣírò omi

Lójú ọ̀dá, ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó ń fẹ́ nǹkan bí lítà 5 omi lójúmọ́. Ebè pẹrẹsẹ tó gùn ní mítà 5, tó fẹ̀ ní mítà kan, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní bẹ́ẹ̀dì, á mu lítà 25, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì ńlá kan tó kún dẹ́nu. Ogún bẹ́ẹ̀dì, ogún kẹ́ẹ̀gì, lójoojúmọ́, láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta. Ẹ wo ojú ara yín, kí ẹ bi ara yín léèrè ẹni tí yóò máa gbé e.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pé kí ó fi òjò kọ́ṣẹ́ ná. Òjò Ìlọrin sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin, á sinmi díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, á tún gbé e le ní oṣù Kẹsàn-án, á sì dáwọ́ nínú oṣù Kẹwàá. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé òjò àkọ́rọ̀. Ó lè rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí oòrùn wá fi ọ̀sẹ̀ méjì yan irúgbìn yín. Ẹ dúró títí ilẹ̀ yóò fi rin dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí òjò bá sì ń lọ, ẹ dín bẹ́ẹ̀dì kù sí iye tí omi yín ká.

Ilé tó wà nítòsí ọgbà lè fi páànù gba omi òjò sínú dúrọ́ọ̀mù, kí ẹ dé e pa kí ẹ̀fọn má yé sínú rẹ̀. Omi kànga dára. Omi gọ́tà ò dára rárá, omi Odò Àsà níbi tó ti gba àárín ìlú kọjá náà ò yẹ fún ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń jẹ ní tútù, bó ti wù kí àwọn tó ń lò ó pọ̀ tó.

Ọgbà yíyí ká

Ewúrẹ́ kan ṣoṣo lè jẹ iṣẹ́ oṣù kan láàárín ìgbà tí ẹ kírun tán. Ẹ yí i ká kí ẹ tó fọ́n irúgbìn kankan. Ọparun àti wáyà ló yá jù. Èyí tó pẹ́ jù ni làpálàpá: ẹ gé ọ̀pá rẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò kí wọ́n sún mọ́ra, á hù, ewúrẹ́ ò sì ní fẹnu kàn án. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé, torí májèlé ni èso rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀dì àti ajílẹ̀

Kí bẹ́ẹ̀dì má fẹ̀ ju ibi tí ọwọ́ lè dé láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ: mítà kan tó. Ọ̀nà tó wà láàárín wọn, ìdajì mítà, kí ìyá tó pọn ọmọ lè gbé kẹ́ẹ̀gì kọjá láìtẹ ẹ̀fọ́ mọ́lẹ̀. Nígbà òjò, ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì ga kí omi lè ṣàn. Lọ́gbẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kó rẹlẹ̀, kí ẹ mọ etí yí i ká kí omi má ṣàn lọ. Ìdajì pálọ́ọ̀tì 50 sí 100 ẹsẹ̀ bàtà á gba ogún bẹ́ẹ̀dì tó gùn ní mítà 5 dáadáa, àyè tí ẹ ó ti kọ́kọ́ fọ́n irúgbìn àti ibi ewé jíjẹrà á sì ṣẹ́ kù.

Ìgbẹ́ màlúù ò jìnnà sí wa. Gáà Fúlàní tí wọ́n ti ń ta wàrà fún yín, ibẹ̀ náà lẹ ti máa rí i. Ẹ mú àpò lọ, kí ẹ sì bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa, ọ̀pọ̀ wọn á ní kí ẹ kó o. Ìgbẹ́ adìyẹ lágbára jù ú lọ, ìdí sì nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ dà á sídìí ẹ̀fọ́ ní tútù: á jó o. Ẹ kó o jọ, ẹ da ewé gbígbẹ lé e, ẹ tún da èèpo iṣu àti koríko tútù lé e, ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ máa yí i po lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, á ti dúdú, òórùn rẹ̀ á sì dà bíi ti ilẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ìgbà yẹn ló tó lò. Agbọ̀n méjì fún bẹ́ẹ̀dì kan, kí ẹ fi ọkọ́ pò ó mọ́ ilẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó gbìn.

Gbígbìn

Tẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí ó yá, ìfẹ́ iṣẹ́ a sì máa wọ èèyàn lára nígbà tó bá rí ohun jíjẹ kíákíá. Irúgbìn rẹ̀ kéré débi pé ọwọ́ á da gbogbo rẹ̀ sójú kan. Ẹ bu ìdajì ṣíbí kékeré irúgbìn fún bẹ́ẹ̀dì kan, ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ agolo mílíìkì kan, kí ẹ wá fọ́n yanrìn náà káàkiri. Ibi tí yanrìn bá bọ́ sí, ibẹ̀ ni irúgbìn wà, ojú yín á sì rí ibi tí kò tíì dé. Ẹ fi ọwọ́ ra ojú ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kó má rì. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin, ẹ lè máa fà á tu láti fi dín in kù, kí ẹ sì jẹ èyí tí ẹ fà. Èyí tó kù, ẹ gé e lókè díẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, á tún rú. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ó ṣe ṣọkọ.

Ewédú ló máa ń dójú ti èèyàn. Ẹ fọ́n ọn, kò hù. Ẹ tún fọ́n ọn, méjì hù. Irúgbìn rẹ̀ kì í ṣe òkú, èèpo ara rẹ̀ ló le tí omi ò fi wọlé. Ẹ di í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan. Ẹ hó omi, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ lórí iná kí híhó rẹ̀ rọlẹ̀. Ẹ ri aṣọ náà bọ inú rẹ̀, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé ẹ̀wá, ẹ yọ ọ́, kí ẹ tì í bọ omi tútù lójú ẹsẹ̀. Ẹ sá a síbòòji kó gbẹ kó má baà lẹ̀ mọ́ra, kí ẹ wá fọ́n ọn bí ẹ ti fọ́n tẹ̀tẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń kà á máa dáhùn fóònù: ẹni tó bá sè é pẹ́, ó ti sè é jinná nìyẹn.

Ilá, ẹ rẹ irúgbìn rẹ̀ sómi lálẹ́, ẹ gbìn ín láàárọ̀, hóró méjì sí ihò kan, kí àyè ọwọ́ kan wà láàárín wọn. Láti nǹkan bí ọjọ́ 50 sí 60, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kọjá ọjọ́ méjì, torí bó bá ti gbó lórí igi, igi náà á dín síso kù. Ẹni tí ilá kàn nínú ètò iṣẹ́ yín kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń rìnrìn àjò.

Gbúre, amúnútutù àti ewúro, ọ̀pá ni kí ẹ gbìn. Ẹ gé ewúro ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ rì í ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ọ̀dùnkún náà ń fẹ́ àyè, mi ò sì ní wá máa kọ́ ará Ọ̀fà bí wọ́n ṣe ń gbìn ín.

Tòmátì àti ata rodo le díẹ̀. Ẹ má gbìn wọ́n nígbà tí òjò pọ̀ jù, torí ewé wọn á máa rà. Ẹ kọ́kọ́ fọ́n wọn sójú kan, kí ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó. Tòmátì á tó lọ́, ìyẹn kí ẹ hú u lọ gbìn sórí bẹ́ẹ̀dì, ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ata á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ́ ọ, kí gbogbo òru fi tù ú nínú, kí ẹ sì fi igi ti tòmátì lẹ́yìn. Irúgbìn tó dára ṣe pàtàkì níbí ju ti tẹ̀tẹ̀ lọ. NIHORT tó wà n'Íbàdàn láti 1975, ìwádìí ẹ̀fọ́ àti èso ni iṣẹ́ wọn. Bí ẹnìkan nínú yín bá ń lọ sọ́hùn-ún, kí ó béèrè lọ́wọ́ wọn. Tòmátì tí ẹ rà lọ́jà tí ẹ fún hóró rẹ̀ lè hù, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ohun tí yóò so.

Kòkòrò àti koríko

Kúkúrú ni mo máa sọ ọ́. Ẹ máa yí ewé wò lábẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kòkòrò ń sá sí. Ẹ fọwọ́ mú tata láàárọ̀ nígbà tí òtútù ò tíì jẹ́ kí ó lè fò. Bó bá ju ọwọ́ lọ, ẹ gún kílò kan ewé dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ sínú lítà 5 omi mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ wọ́n ọn sára ewé nírọ̀lẹ́. Òtapìapìa tí ẹ fi ń pa aáyán nínú ilé kò ní iṣẹ́ kankan lórí ẹ̀fọ́. Koríko, ọkọ́ ló ń ro ó. Ẹni tó bá ní òun ní oògùn apakoríko Paraquat nílé, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé NAFDAC ti fòfin dè é láti January 1, 2024.

Ètò omi àti iṣẹ́

Ẹ ya pátákó kan sẹ́nu ọ̀nà ọgbà, kí ẹ kọ ọ̀sẹ̀ sí i láti Àtìní dé Àlàádì. Ìdílé méjì ló ni ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan lè gbé e fún èkejì. Ẹni tó bá bomi rin tán á fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sí orúkọ rẹ̀. Ẹ má fi ẹnikẹ́ni sí ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sán. Oṣù Ààwẹ̀ ń bọ́ sí àárín ọ̀dá lọ́dún wọ̀nyí, nítorí náà ẹ yí iṣẹ́ omi sí lẹ́yìn ìrun Àsùbá, kí ẹni tó ń gbààwẹ̀ má máa gbé kẹ́ẹ̀gì lójú oòrùn.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà gba ọgbọ́n. Kò sí ọmọ tó lè dúró níwájú Ìyá Àlàájà kó sọ fún un pé, "Mọ́mì, ẹ ò ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí." Bó bá sì jẹ́ pé orúkọ wọn kì í ní ilà, tí wọ́n sì ń gba ẹ̀fọ́, àwọn tó kù á máa kùn lábẹ́lẹ̀. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ tí wọ́n ń jókòó ṣe: kí wọ́n máa ṣa irúgbìn, kí wọ́n máa di ẹ̀fọ́, kí wọ́n máa lé ewúrẹ́. Kí iṣẹ́ yẹn náà ní ilà tirẹ̀ lójú pátákó. Tí ẹnìkan bá jẹ gbèsè ọjọ́ méjì, ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ọjọ́ orí ni kí ó lọ bá a nílé.

Ìkórè àti pínpín

Ẹ yanjú èyí kí ẹ tó gbin ohunkóhun. Èmi ò fara mọ́ kí gbogbo bẹ́ẹ̀dì jẹ́ ti gbogbo èèyàn, mi ò sì fara mọ́ kí a pín gbogbo rẹ̀ fún olúkúlùkù. Èyí tó jẹ́ ti gbogbo èèyàn kì í ní ẹni tó ń ro ó; èyí tí a bá sì pín tán, kò sí àjọgbìn mọ́ níbẹ̀, oko onílé-jílé ló dà. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní bẹ́ẹ̀dì kan tó jẹ́ tirẹ̀, kó gbin ohun tó wù ú síbẹ̀, kó jẹ ẹ́ bó ṣe fẹ́. Àwọn bẹ́ẹ̀dì tó kù jẹ́ ti àpò, ìyẹn ti gbogbo ẹgbẹ́ lápapọ̀.

Sátidé láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, ni kí ẹ máa kórè bẹ́ẹ̀dì àpò, kí gbogbo ẹni tó bá lè wá wà níbẹ̀. Ẹ gé okùn kan, tó gùn tó láti àtẹ́lẹwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ fi kọ́ ẹ̀ka igi. Ohun tí okùn yẹn bá lè yí ká ni ìdì kan, kò sí ìdì olójú àánú. Ẹ kà á sókè. Ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ tà á: àwọn aládùúgbò tó ń kọjá ni kí ẹ kọ́kọ́ tà á fún, kí èyí tó kù lọ bá àwọn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní Ọjà Tuntun tàbí Mandate, kí ẹ bá wọn dúnàá-dúrà ṣáájú, torí wọn ò ní gbà á tí ilẹ̀ bá ti mọ́ tán. Ìdá méjì tó kù, ẹ pín in fún àwọn tí ilà wà lórúkọ wọn lọ́sẹ̀ náà, ìdì fún ìdì. Ẹni tó ní ilà méjì gba méjì. Èyí tó bá ṣẹ́ kù tí kò ṣeé pín dọ́gba, ẹ gbé e fún ilé kéwú tàbí arúgbó tó ń dá gbé ládùúgbò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e lọ sílé torí pé òun ló kù sẹ́yìn.

Owó tí ẹ bá pa, irúgbìn, kẹ́ẹ̀gì àti àtúnṣe ọgbà ni ó máa bá lọ. Kí ẹnìkan tọ́jú owó, kí ẹlòmíràn tọ́jú ìwé. Ní òpin oṣù, ẹ ka ìwé náà sókè, kí ẹ ya àwòrán ojú ewé rẹ̀ sórí WhatsApp.

Olè á wá. Ní Todmorden nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2008 ni wọ́n ti ń gbin oúnjẹ sí etí títì àti iwájú ilé-iṣẹ́ ìjọba kí ẹni tó bá fẹ́ já a lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Èmi ò rò pé ó lè bára mu pátápátá níbí, níbi tí ewúrẹ́ àti ẹni tó fẹ́ lọ tà á ti máa ṣáájú ẹni tí ebi ń pa. Ohun tí ẹ lè ṣe ni pé kí ẹ gbin gbúre sí ìta ọgbà, lẹ́bàá ọ̀nà, kí ẹ sì sọ fún àwọn aládùúgbò pé tiwọn ni. Ó ń rú kíákíá, ẹni tó bá rí i já níta kò ní fo ọgbà wọlé.

Nígbà tí òjò bá ń lọ

Ẹ̀fọ́ wọ́n jù láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ní àkùrọ̀ fi ń rí owó nígbà yẹn. Bí ilẹ̀ yín bá wà nítòsí àkùrọ̀, ẹ lè máa bá a lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin tàbí márùn-ún tí omi ká dára ju ogún tó gbẹ lọ. Ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí pòpórò àgbàdo bo ojú ilẹ̀ kí omi má fẹ́ lọ, kí ẹ bomi rin ín láàárọ̀ kùtù tàbí lẹ́yìn Àlàásàrí, ìdí ẹ̀fọ́ ni kí omi lọ, kì í ṣe orí ewé.

Tòmátì tí ẹ fẹ́ jẹ lójú ọyẹ́, oṣù Kẹsàn-án ni kí ẹ ti fọ́n irúgbìn rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá, bí ẹ ti ń lọ́ ọ, ẹ gbé ìdì ẹ̀fọ́ tó dára jù lọ bá onílẹ̀, ẹ ki í, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá òjò tó ń bọ̀ ṣì wà fún yín.